Ékà Kan, Ọdún Mẹ́wàá: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Pápá Ìṣeré Àdúgbò

Ilẹ̀ tí àdúgbò fẹ́ sọ di pápá ìṣeré yìí jẹ́ pílọ́ọ̀tì 6 ní ìwọ̀n ti Èkó, 18 m sí 36 m ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta ní ìbú, méjì ní gígùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 54 m sí 72 m, ìyẹn 3,888 m², ó kù díẹ̀ kó pé ékà kan. Nínú àwòrán ìpín-ilẹ̀ àdúgbò, àwọ̀ ewé, tó dúró fún àyè ìgbafẹ́, ni wọ́n fi kùn ún. Ohun tó wà lórí rẹ̀ gan-an ni òkú mọ́tò mẹ́rin ti mẹkáníìkì kan, ààtàn kan ní igun gúúsù, monkey post méjì tí wọ́n fi pákó kàn, igi fúrúùtù ńlá kan tí àwọn àgbà ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀, alákàrà kan ní ẹnu ọ̀nà, àti ipa omi tó ń la àárín ilẹ̀ kọjá nígbà òjò.

Iṣẹ́ tó wà níwájú ni ètò ọdún 10 tí ará àdúgbò máa fọwọ́ sí, tí ẹni tó bá gba iṣẹ́ ní ọdún kẹfà yóò sì lè tẹ̀ lé láìjẹ́ pé ó ń wá ẹni tó kọ ọ́ kiri. Òfin méjì la fi bẹ̀rẹ̀: ka ẹsẹ̀ kí o tó bi ẹnu, wá ọ̀nà omi kí o tó ra jáńgílófà.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2: ìwé ilẹ̀

Àwọ̀ ewé lórí àwòrán kò tó. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí ẹbí tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ má wá sọ pé àwọn ò tíì gba owó ibẹ̀, kò sì ní kí onílé tó múlé gbè é má ti sún ògiri rẹ̀ wọlé ní mítà kan. Nǹkan mẹ́ta la gbà sọ́wọ́ kí a tó pe ìpàdé: ẹ̀dà àwòrán ìpín-ilẹ̀ tí ọ́fíìsì town planning lù ní òǹtẹ̀, àwòrán awọnlẹ̀ tuntun tó gbé nọ́ńbà òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti lẹ́tà tó sọ bóyá wáyà iná ńlá tàbí ojú omi ìjọba gba ibẹ̀, àti mítà mélòó ló yẹ ká fà sẹ́yìn. Ní Èkó, ó yẹ kí LASPARK, àjọ ìjọba tó ń rí sí pápá àti ọgbà, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí ni pé wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á gbé àwòrán aláràbarà jáde, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́tà lọ́yà á dé. Ìpàdé kejì á wá ku alága àti akọ̀wé. Òpó awọnlẹ̀ tó bá ti sọnù, kí awọnlẹ̀ dá a padà, kí a kùn ún ní ọ̀dà funfun, kí a ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 3 sí 6: kíka ẹsẹ̀

Àwọn tó ń lo ilẹ̀ yìí jù kì í wá sí ìpàdé onílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní àga níbẹ̀, alákàrà wà nídìí agbada, ayálégbé sì gbà pé ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù ni. Ìdí nìyí tí kíka fi ṣáájú bíbéèrè.

Ìwé kan, ojú ìlà mẹ́fà: ọmọdékùnrin, ọmọdébìnrin, ọ̀dọ́, obìnrin, àgbà, àti ẹni tó kàn ń kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin la yàn, Ìṣẹ́gun, Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: aago 6 sí 7:30 àárọ̀, aago 12 sí 1:30, aago 4 sí 6:30 ìrọ̀lẹ́. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni tó ń kà á rìn yí ilẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì kọ ohun tó rí ní ìyípo yẹn nìkan. Tó bá dúró sójú kan tó ń kà lọ láìdákẹ́, ọmọ kan náà tó ń sáré káàkiri á di mẹ́wàá lórí ìwé.

Ojú ìlà kẹfà, ti àwọn tó ń kọjá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú rénà, òun ló sì ń sọ ibi tí ọ̀nà yẹ kó gbà. Ipa ẹsẹ̀ tó ti gbó koríko láti ẹnu ọ̀nà alákàrà dé igun ìlà-oòrùn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà kọnkéré máa gbà, ní fífẹ̀ 1.5 m kí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara àti ẹni tó gbé omi lè kọjá ara wọn. Ọ̀nà tí a bá fi rúlà fà ní ọ́fíìsì, ẹsẹ̀ á fi sílẹ̀, á máa gba orí koríko lọ.

Má kà á ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé ìwé, má kà á nínú Ràmàdáánì, má sì kà á ní Sátidé ìmọ́tótó. Tí pápá bá sì ṣófo láàárọ̀ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì ló kó wọn lọ, ìyẹn ò sọ pé wọn ò fẹ́ pápá. A óò tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà òjò, torí àwọn tí ẹrẹ̀ lé kúrò ò ní hàn lórí ìwé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíkà: ọ̀nà omi

Èèkàn 63 la rì mọ́lẹ̀, ìlà 7 ní ìbú, ìlà 9 ní gígùn, 9 m láàárín ara wọn. Kó má yọ sókè ju 5 cm lọ, kí ọmọdé má baà fà á tu, kí ewúrẹ́ má baà kọsẹ̀ lára rẹ̀. Rọ́bà funfun tí bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wo ìdọ́gba ló tó fún wíwọn gíga wọn. Ẹnì kan di etí kan mú, ẹnì kejì di ìkejì. Ohun tó ń ba rọ́bà jẹ́ ni atẹ́gùn tó há sí inú omi: ìwọ̀n á fi 3 tàbí 4 cm yẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Kí a kọ́kọ́ pa etí méjèèjì pọ̀; tí omi inú wọn ò bá dọ́gba, kí a da á nù, kí a tún un rọ.

Láti igun àríwá tó ga jù dé igun gúúsù, ilẹ̀ rẹlẹ̀ ní 65 cm. Igun gúúsù yìí kan náà ni ààtàn wà. Ẹnu ibi tí omi yẹ kó gbà jáde ni wọ́n da ìdọ̀tí sí, òun ló jẹ́ kí omi máa dúró ní àárín pápá, ẹni tó bá ń da yanrìn síbẹ̀ ń fi owó ṣòfò. Ìbàdàn mọ irú rẹ̀ ní ìwọ̀n tó burú ju èyí lọ: omíyalé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àti òmíràn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ìdọ̀tí tó dí ojú omi àti ilé tó jókòó sí etí odò wà lára ohun tó sọ òjò di ọ̀fọ̀.

Lẹ́yìn èyí la wo bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi. Ihò 30 cm ní fífẹ̀, 60 cm ní jíjìn, ní ibi mẹ́ta. A rọ omi kún un, a fi í sílẹ̀ mọ́jú kí ilẹ̀ mu àmuyó, a tún un rọ lọ́jọ́ kejì, a sì ń wo rúlà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ihò tí omi rẹ̀ bá sọ̀ ju 2.5 cm lọ ní wákàtí kan, koríko lásán lè bójú tó o. Amọ̀ ló wà ní àárín pápá; omi ibẹ̀ ò tó 1 cm ní wákàtí kan. Gọ́tà pọn dandan.

Gọ́tà náà máa gba ẹ̀gbẹ́ méjì, 72 m àti 54 m, àpapọ̀ 126 m. Tí a bá fún un ní ìdàgẹ̀rẹ̀ 1 nínú 200, ó máa rẹlẹ̀ ní 63 cm láti orí dé ìdí, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mu. Jíjìn 45 cm, ìyẹn búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9 ní ìlà méjì, tó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọn gọ́tà òpópónà tó yẹ kó gba omi yìí, 40 cm péré ló jìn. Omi tiwa á kàn máa padà wá bá wa ni. A fi ọ̀pá irin gún un: yanrìn tó ti kún inú rẹ̀ nípọn tó 25 cm, ìsàlẹ̀ kọnkéré rẹ̀ wà ní 65 cm. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ètò ọdún 10 wá di ṣọ́bìrì, bàrò àti kíkó yanrìn, láìlo àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ní oṣù Kejì àti ní àárín ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ.

Igun gúúsù, lẹ́yìn tí ààtàn bá kúrò, a óò gbẹ́ 12 m sí 12 m rẹ̀ sílẹ̀ ní 30 cm, a óò sì gbin koríko sí i. Ó lè gba omi 43 m³. Òjò 50 mm lórí gbogbo ilẹ̀ yìí jẹ́ nǹkan bí 194 m³, nítorí náà díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ló lè dá dúró. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n omi àkọ́dé ni, èyí tó ń wọ́ ọ̀rá àti ewé wọ gọ́tà.

Ọ̀sẹ̀ 7 sí 10: bíbéèrè

Ìdílé 400 ló yí ilẹ̀ yìí ká. Tí a ò bá fẹ́ kí àṣìṣe ju 5% lọ, 400 pín sí (1 + 400 × 0.0025) jẹ́ 200 (0.0025 ni 5% lọ́nà 5%): ìdílé kan nínú méjì-méjì. A ju owó ẹyọ sókè láti mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ tàbí ti ìkejì la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìdílé là ń kà, a kì í ka géètì. Ilé oníyàrá mẹ́jọ tí yàrá kọjú sí yàrá lè ní ìdílé mẹ́jọ. Tí a bá kà á sí ẹnu ọ̀nà kan, lánlọ́ọ̀dù á dáhùn fún gbogbo wọn. Ẹni tí a ò bá bá nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa padà lọ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín aago 7 sí 8 alẹ́. Bí a bá fi aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń wà nílé rọ́pò rẹ̀, àwọn tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ á pòórá nínú ìwé.

Ìbéèrè méje, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Kí lẹ fẹ́?” kò sí nínú rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò yé jẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́. Èyí tó ń mú ọ̀rọ̀ gidi jáde ni “Mà, ìgbà wo lẹ dé orí pápá yẹn kẹ́yìn? Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ tètè kúrò níbẹ̀?” àti “Bí wọ́n bá tún un ṣe, kí lẹ ò fẹ́ kó kúrò níbẹ̀?” Ìbéèrè kẹta yẹn ló ń gba igi fúrúùtù là lọ́wọ́ kọntirakítọ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ọdún 10 sí 17, a máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀, obìnrin ló sì máa ń darí rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọkùnrin bá wà, wọ́n á sọ pé kò sí wàhálà. Láàárín ara wọn ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná alẹ́, àti ibi tí wọ́n ti lè ta tẹ́ǹ-tẹ́ǹ láìsí pé bọ́ọ̀lù ń gbá wọn lójú, máa ń jáde.

Ìdìbò: ìdérí kòròǹgbà ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ní iye ìdérí tó ń gbà, bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó: jáńgílófà àti páànù ìyọ̀ (èyí tí ọmọdé ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀) 5, kànga ẹ̀rọ 5, pápá bọ́ọ̀lù 4, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 4, iná 3, ọ̀nà 2, igi àti ìjókòó 2. Tí wọ́n bá kó o jọ, ó jẹ́ 25. Kò sẹ́ni tó lè gbà gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni èrò bẹ̀rẹ̀. Igbá tó ní ọmọrí la máa ń lò, tí a ya àwòrán nǹkan náà sí lára. Igbá tó ṣí sílẹ̀ á jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa wo ibi tí alága jù sí. Àwọ̀ ìdérí yàtọ̀: ti ọmọdé, ti ọ̀dọ́, ti obìnrin, ti àgbàlagbà ọkùnrin. Nígbà tí a bá tú igbá, kì í ṣe iye nìkan la ó rí, a ó rí ta ni ó fẹ́ kí ni. (Porto Alegre ní Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ará ìlú pín ara owó ìlú fúnra wọn ní ọdún 1989, ìdérí kòròǹgbà ni tiwa.)

Ọ̀sẹ̀ 11: pákó àti páálí

Ní ìwọ̀n 1 sí 50, gbogbo ilẹ̀ yìí di 1.08 m sí 1.44 m, ó wọ orí pákó plywood ẹsẹ̀ 4 sí 8 kan. A gé páálí fún ohun gbogbo ní ìwọ̀n yìí kan náà, a gbé pákó lé orí tábìlì lábẹ́ igi fúrúùtù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí àwọn ènìyàn máa fi ọwọ́ ara wọn sún un.

Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni márùn-ún jẹ́ 40 m sí 20 m. Tí a bá fi àyè 2 m yí i ká, ó di 44 m sí 24 m, 1,056 m², nǹkan bí 27% ilẹ̀. Lórí pákó, 88 cm sí 48 cm ni. Ẹni tó bá ní pápá ńlá ni òun fẹ́, a ó fún un ní páálí ti 105 m sí 68 m kó gbé e lé e. Ó bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tún yọ sí ẹ̀gbẹ́ pákó. Àríyànjiyàn á parí níbẹ̀ láìsí ìbínú, ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu wákàtí méjì kì í lè ṣe.

Kànga ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní okùn 60 cm láàárín wọn lórí pákó, ìyẹn 30 m. Ẹni tó bá sún ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún ìkejì.

Ọ̀sẹ̀ 12 sí 16: pínpín iṣẹ́ sí ọdún

Ọdún 1: kíkó ààtàn, yíyọ yanrìn gọ́tà òpópónà, kíkọ́ gọ́tà, gbígbin igi. Kò sí ohun tí a lè fi ya fọ́tò nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí olóṣèlú kì í fi í fẹ́ fi í bẹ̀rẹ̀. Igi gbọ́dọ̀ wà nínú ọdún kìíní torí òun nìkan ni kò ṣeé fi owó kán lójú. Dóńgóyárò la yàn fún ibòòji. Igi masquerade ń tò dáadáa létí ògiri ṣùgbọ́n ibòòji rẹ̀ kò tó nǹkan, máńgòrò sì ń kó òkò wá, òkò á sì bá wíńdò ilé ẹlòmíràn. Ihò 60 cm níhà gbogbo, 5 m sí gọ́tà àti ògiri. Ọjọ́ 14 oṣù Keje tí Èkó fi ń ṣe ọjọ́ igbin igi dára, ṣùgbọ́n ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ wà nítòsí; oṣù Karùn-ún ń fún gbòǹgbò ní àyè jù. Ọgbà ọparun 1.2 m yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká nítorí ewúrẹ́. Omi lítà 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Igi fúrúùtù tó wà níbẹ̀ dúró síbẹ̀. Ìjókòó 45 cm ní gíga yí i ká, a ò sì da kọnkéré lé gbòǹgbò rẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń dí gọ́tà. A kọ ọ́ sí ìwé ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ọdún 2 sí 3: pápá, ọ̀nà, kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àárín pápá máa ga ju etí rẹ̀ lọ ní 15 cm, ìyẹn 1.5% lórí 10 m. Tẹ́rẹ́rẹ́ ni ojú máa rí i, omi á sì lọ.

Ọdún 4 sí 6: ohun ìṣeré ọmọdé àti iná. Ibí ni ẹ̀mí wà. Jáńgílófà tí ọ̀pá òkè rẹ̀ wà ní 2.4 m ń fẹ́ àyè 4.8 m níwájú, 4.8 m lẹ́yìn, 1.8 m lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ń kan án mọ́ ìdí ògiri. Yanrìn tó nípọn ní 23 cm ń gba ọmọ tó bá ṣubú láti 1.2 m péré. Abẹ́ jáńgílófà 2.4 m, ẹ̀rún igi ló yẹ ibẹ̀, 23 cm lẹ́yìn tó bá ti ki. Ẹ rọ 30 cm, á sọ̀. Àlàfo láàárín irin kò gbọdọ̀ wà láàárín 9 cm sí 23 cm: ara ọmọ á kọjá, orí á há. Ìwé òyìnbó máa ń sọ pé kí páànù ìyọ̀ kọjú sí àríwá kí oòrùn má baà gbóná sí i. Níhìn-ín, oòrùn ń kọjá sórí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sí ìhà tó yè é. Abẹ́ dóńgóyárò tí a gbìn ní ọdún kìíní ni kó lọ. Táyà àlòkù tí a rì mọ́lẹ̀ ṣe ìjókòó, kí a lu ihò 2 cm sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀fọn la kọ́.

Ọdún 7 sí 10: pípààrọ̀. Bátìrì sólà, ẹ̀wọ̀n jáńgílófà, ẹ̀rún igi, ọ̀dà. Kò sí ohun tuntun kankan.

Owó

Náírà ò sí nínú ètò yìí. Iye tí a bá kọ lónìí, kí ọdún kejì tó dé, ẹ̀rín ló máa di. Ohun èlò la kọ: fún gọ́tà 126 m, búlọ́ọ̀kù 1,120, ìsàlẹ̀ rẹ̀, 90 cm ní fífẹ̀, 10 cm ní nínípọn, jẹ́ kọnkéré 11.3 m³ ti 1:2:4 (sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), àpò sìmẹ́ńtì 73, kà á sí 80. Ọjọ́ tí owó bá wọlé, akápò á mú iye ọjà ọjọ́ yẹn, á sì sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ̀.

Owó ìtọ́jú ló fa ìjà. Ẹgbẹ́ onílé fẹ́ máa fi pápá yáni fún òde àríyá. A ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Sátidé kan lóṣù ni, kì í sì í ṣe orí pápá bọ́ọ̀lù: ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn nìkan. Ẹsẹ̀ kánópì máa jókòó sínú garawa ọ̀dà tí a rọ kọnkéré kún. Èèkàn irin ń lu ihò sí ilẹ̀ amọ̀, omi á dúró níbẹ̀, ọmọ á sì fi ọrùn ẹsẹ̀ kán. Jẹnẹrétọ̀ á wà lórí páànù tó ń gba ọ́ìlì. Owó ìdúró ló ń kọ́kọ́ wọlé, a ó dá a padà láàárọ̀ Sọ́ńdè lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti rìn yí ilẹ̀ ká.

Ohun tó wà lójú pátákó

Ọjọ́ 30 ni ètò máa wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà, níbi tí alákàrà wà, kì í ṣe lórí WhatsApp nìkan. Wọ́n tún ń kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ìlà mẹ́ta ló ní: ohun tí wọ́n ní, ohun tí a ṣe sí i, ìdí. Odò ìlúwẹ̀ẹ́: rárá, omi kànga kan ò lè tó o, kò sì sẹ́ni tó máa dúró tì í. Kí alákàrà kúrò: rárá, òun nìkan ni ojú tó wà níbẹ̀ láago 6 àárọ̀. Kí mẹkáníìkì kúrò: bẹ́ẹ̀ ni, oṣù mẹ́ta, kí ó kó òkú mọ́tò méjì àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Orúkọ méjì ló wà lórí ìwé, ẹnì kan láàárín àwọn obìnrin ọjà, ẹnì kan láàárín ọ̀dọ́. Kò tíì sí ìfohùnṣọ̀kan lórí ẹni tó máa mú un ní Sọ́ńdè. Mọ́tò mẹ́ta ló kù. Àyẹ̀wò tó kàn ni òjò ńlá àkọ́kọ́: kí ẹni tó wà nítòsí mú ọ̀pá, kó lọ fi sàmì sí gbogbo ibi tí omi bá ṣì dúró lẹ́yìn wákàtí méjì, kó sì kọ nọ́ńbà èèkàn tó wà nítòsí rẹ̀ sílẹ̀.